Wynelle Méjì Nínú Gbọ̀ngàn Kan

Irun obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kì í gbọ́ràn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Láti ìdájí ni Wynelle Pruett ti jókòó síwájú dígí, tó ń ká irun iwájú orí rẹ̀ sókè, tí irun náà ń já wálẹ̀. Ó fi pínnì dè é, pínnì bọ́. Ó fín nǹkan amúrun-le sí i títí òun fúnra rẹ̀ fi ń wúkọ́, síbẹ̀ irun ṣubú. Ó ti kùn ún ní dúdú lánàá, funfun kankan ò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà ò lè sọ irun arúgbó di ti ọmọge.

"Ìwọ irun yìí," ó sọ fún un bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí, "tó o bá mọ ohun tó wà nílẹ̀ lónìí, o ò ní máa fi mí ṣeré."

Darla, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí. "Mọ́mì, ẹ ń dá ara yín lágara."

"Mi ò bi ẹ́. Wá bá mi fa sípù yìí sókè."

Darla fà á. Ó mọ ohun tó wà nílẹ̀. Sátidé nìyẹn. Tó bá di Mọ́ńdè, wọ́n máa mú Garland, bàbá rẹ̀, lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí ọpọlọ wọn ti ń dà rú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó tó àsìkò. Garland ti ń ṣílẹ̀kùn jáde lọ sójú títì márosẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn, àwọn awakọ̀ ni wọ́n ń gbé e padà wálé. Wynelle fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i tán, ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ohun tó wá ń jẹ Wynelle lọ́kàn kì í ṣe Mọ́ńdè gan-an. Ọkọ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n mọ́ ni. "Mà" ló ń pè é. "Mà, ẹ ṣeun fún oúnjẹ. Mà, ṣé ẹ mọ ibi tí ìyàwó mi lọ?" Bí ẹni ń bá obìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ti bá a sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà láti ìgbà tó wà lọ́mọge! Nígbà òtútù tó kọjá, Wynelle kun ètè rẹ̀ ní pupa torí ọjọ́ ìbí kan tó fẹ́ lọ, ó ká irun rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ká a láyé àtijọ́, ṣeréṣeré ni. Garland gbójú sókè níbi tó ti ń mu ògì rẹ̀, ó ní, "Wynelle, níbo lò ń lọ tó o múra báyìí?" Àwo bọ́ lọ́wọ́ Wynelle, ó fọ́. Kó tó lanu dáhùn, ojú ọkùnrin náà ti ṣófo padà.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń kun ètè, àràárọ̀ ló ń ká irun. Kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi ronú kan àríyá rọkabílì, orin gìtá tó gbòde nígbà ọmọge rẹ̀, tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún nínú gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní pápá ìpàtẹ ní Jackson. Kò lọ síbẹ̀ rí. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ló ń ti gbogbo ìpínlẹ̀ wá, wọ́n á múra bí àwọn òbí àgbà wọn ṣe múra, wọ́n á gbé mọ́tò àtijọ́ jáde, wọ́n á jó. Ó máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Garland ti lu béèsì onígi, ohun èlò olókùn tó ga ju ènìyàn lọ yẹn, nínú ẹgbẹ́ Forked Deer ní ọdún tí gbogbo ọ̀dọ́ Tennessee ya wèrè nítorí rọkabílì. Tí nǹkan kan bá máa jí i, ìró béèsì ni, àti aṣọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Wynelle ń wá. Kí ọkọ òun pe òun lórúkọ lẹ́ẹ̀kan, kí òun sì ráyè dá a lóhùn, kó tó di Mọ́ńdè.

Aṣọ náà, òun ló rán an. Ó rí bébà tí wọ́n fi ń gé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ. Bébà tó fi gé tirẹ̀ nígbà ọmọge ni wọ́n tún tẹ̀ jáde, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wá a lójú méjèèjì. Aṣọ pupa tó ní àmì funfun róbótóróbótó, ó fún gbọn-in níbàdí, ó wá fẹ̀ nísàlẹ̀ bí agboòrùn, yẹ̀rì lórí yẹ̀rì lábẹ́ rẹ̀. Irú aṣọ tó wọ̀ nìyẹn ní Sátidé tí Garland kọ́kọ́ dì í lọ́wọ́ mú láti jó.

Ó múra fún Garland náà. Ṣẹ́ẹ̀tì dúdú àti píǹkì, ṣòkòtò tó fẹ̀ lórúnkún tó sì fún lọ́rùn ẹsẹ̀. Irun tó kù lórí rẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n Wynelle fi ìpara sí i, ó yà á sókè. Garland jókòó jẹ́jẹ́. Bí kóòmù ṣe ń bọ̀ ló ń yí orí sí i. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó gbé ọwọ́ rẹ̀, ó na ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe é.

"Ẹ rí nǹkan!" ni Darla wí.

"Mo rí i," ni Wynelle dáhùn.

Gbọ̀ngàn náà ti kún nígbà tí wọ́n débẹ̀ lọ́sàn-án. Kí n má purọ́, inú máa ń bí mi díẹ̀ sí àwọn ọmọ yìí. Láyé Wynelle, ọkùnrin tó bá wọ ṣòkòtò píǹkì gba iwájú ilé epo kọjá, wọ́n á bú u, wọ́n tún lè nà án. Ìyá rẹ̀ á máa sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí irun rẹ̀. Ìwọ̀nyí ń wọ̀ ọ́ wá ya fọ́tò, wọ́n á bọ́ ọ ní Mọ́ńdè lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, wọ́n ń gbìyànjú. Etí ṣòkòtò jíǹsì wọn ká sókè bó ṣe yẹ kó ká. Irun iwájú àwọn ọkùnrin dúró gangan, ó ń dán. Kò sí nǹkan kan tó yẹ̀, àfi àwòrán tí gbogbo wọn fín sára, tó bo apá wọn láti èjìká dé ọwọ́.

Irun Wynelle tún ti já. Ó fi Garland sílẹ̀ sọ́dọ̀ Darla, ó sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

"Yéè! Màmá! Aṣọ wa ni!"

Wynelle yíjú padà. Ọmọge kan ló dúró níbẹ̀, irun dúdú, ètè pupa, àwòrán fínfín lápá, aṣọ pupa alámì funfun. Bébà kan náà ni wọ́n fi gé e. Wynelle mọ ọrùn aṣọ yẹn, ó mọ ìṣẹ́po rẹ̀ níbàdí. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọge náà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, ó gbá etí aṣọ Wynelle mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ fọwọ́ rán etí aṣọ yìí?"

"Ọwọ́ ni o. Maṣíìnì á jẹ́ kó le ganranganran, kò ní fò dáadáa tó o bá ń yí."

"Maṣíìnì ni mo lò. Ẹ ti bà mí nínú jẹ́ báyìí." Ó dìde. "Marisela ni orúkọ mi. San Antonio ni mo ti wá. Irun yín ń ṣubú, Màmá."

"O rò pé mi ò mọ̀?"

"Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe."

Ó yọ pínnì nínú irun tirẹ̀, ó sì mú ìdì irun kékeré kan tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ láti inú àpò rẹ̀. Ó ká irun Wynelle lé e lórí gẹ́gẹ́ bó ṣe ká tirẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é, Wynelle sọ fún un. Kò mọ ìdí tó fi sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó sọ pé ọkọ òun wà níta, kò mọ òun mọ́, òun ń wá bó ṣe máa pe òun lórúkọ, Wynelle, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó tó lọ ní Mọ́ńdè. Marisela ki pínnì tó kẹ́yìn bọ inú irun náà.

"Ó máa pè yín," ló wí. "Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe rí."

Wynelle wo dígí. Méjì ni wọ́n, aṣọ kan, irun kan.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe rí nígbà yẹn nìyí, bíi tèmi?"

"Mo rẹwà jù ẹ́ lọ, má tan ara ẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín jáde. Inú Wynelle dùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn gan-an ni.

Darla ti rí tábìlì gbà, ó ń fún bàbá rẹ̀ ní ẹja àrọ̀ díndín. Wynelle jókòó tì wọ́n, ó tún yẹ̀rì rẹ̀ ṣe, ó dúró de orin. Àwọn olórin gun orí pèpéle. Ẹni tó ń lu béèsì kò ju ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n lù. Ó ń gbá okùn náà mọ́ igi, ìró rẹ̀ ń dún nínú pákó ilẹ̀ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wynelle ò wo àwọn olórin rárá. Ọwọ́ Garland ló ń wò.

Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu itan rẹ̀. Ó ń gbá a bọ́mọ yẹn ṣe ń gbá a. Ó fi ẹja sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ojú rẹ̀ mọ́, ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tún padà dé. Darla di apá ìyá rẹ̀ mú. Garland dìde, ó na ọrùn, ó ń wá ẹnì kan kiri gbọ̀ngàn.

"Wynelle!" ló ké, pẹ̀lú ohùn ìgbà èwe. "Wynelle!"

"Mo wà ńbí, Garland!" Wynelle ti dìde kó tó mọ̀. Omi ti bọ́ lójú rẹ̀, ó ti na ọwọ́. "Mo wà ńbí, olólùfẹ́ mi."

Garland wò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ló wí, "ẹ yà fún mi díẹ̀."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó kọjá lọ bá Marisela tó dúró létí ibi ijó, tó ń mu tíì tútù, ó gbá a lọ́wọ́ mú.

"Wynelle! Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹ kiri, ṣé o mọ̀?"

Ó dun Wynelle. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó máa yàtọ̀: ó dùn ún dé eegun. Ó kórìíra ọmọge yẹn fún ìṣẹ́jú kan. Ó wù ú kó lọ fa aṣọ yẹn ya mọ́ ọn lára. Òun tí ó fọwọ́ rán etí aṣọ! Òun tí ó jí ní ìdájí! Garland ti pe orúkọ òun, ẹ̀ẹ̀kan tí òun ń bẹ Ọlọ́run fún, ó pè é sí ẹlòmíràn lára.

Ojú ti Marisela títí dé ọrùn. "Bàbá, ẹ má bínú, èmi kọ́ ni—" Ó gbójú sókè, ó rí Wynelle lẹ́yìn ọkùnrin náà. Wynelle mi orí fún un. Ó fi ètè lásán sọ pé, "Bá a jó."

Darla fa ìyá rẹ̀ lápá. "Mọ́mì! Ẹ má gbà á! Ẹ lọ sọ fún un pé ẹ̀yin ni!"

"Ta ló máa gbà mí gbọ́? Ó ti rí Wynelle."

"Mọ́mì!"

"Fi í sílẹ̀, Darla. Wo ojú bàbá rẹ."

Wọ́n jó. Ẹsẹ̀ Garland ò yára mọ́, ṣùgbọ́n kò ṣi ìgbésẹ̀ kankan. Ó yí ọmọge náà, ó gbà á padà, aṣọ pupa náà fẹ̀, ó yí. Àwọn ènìyàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún bàbá àgbà tó mọ ijó. Wọn ò mọ nǹkan kan. Wynelle gbọ́ tó ń sọ pé, "Ta ló yàwòrán sí ẹ lápá báyìí? Ìyá ẹ máa pa ẹ́ o!" Ó gbọ́ Marisela tó dáhùn pé, "Kò tíì rí i." Garland bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Wynelle ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, débi pé ó ti rò pé ẹ̀rín náà ti kú.

Orin parí. Garland ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fa ọmọge náà lọ́wọ́ bọ̀ wá sídìí tábìlì. Ó débẹ̀, ó rí Wynelle, ó wá dúró gbagidi. Ó wo aṣọ rẹ̀, ó wo irun rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Marisela kíá. Ó fa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó nà sókè wálẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ nu ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mà," ló wí. "Ẹ̀yin ni ìyá Wynelle. Mo mọ̀ yín lójú, ẹ jọra. Èmi ni Garland Pruett."

Wynelle fa àga, ó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí fún yín. Ìyá Wynelle, Eula Stegall, kò gba Garland rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá sẹ́nu ọ̀nà wọn nígbà yẹn pẹ̀lú ṣòkòtò píǹkì àti irun tí òróró ń kán lára rẹ̀, Eula sì sọ fún un látẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì ilẹ̀kùn pé òun ò bímọ fún ìpátá. Garland ò sọ nǹkan kan, ó yí padà, ó lọ. Wọ́n sá lọ sí Corinth ní Mississippi, níbi tí wọn kì í ti béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Eula kú láìbá a sọ̀rọ̀. Títí Garland fi darúgbó, kò ṣépè fún obìnrin yẹn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíràn, tí pásítọ̀ bá béèrè pé ta ló ń fi ìyàwó fún ọkọ, á jáde síta lọ fọn sìgá.

Ó wá dúró síwájú Wynelle báyìí.

"Màmá, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rù tó bà mí. Mo fẹ́ fẹ́ Wynelle. Mi ò lówó. Mo ní béèsì kan, mo níṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, mi ò sì ń mutí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́." Ó fọwọ́ kan irun rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ kórìíra irun mi. Ẹ kórìíra aṣọ mi. Tẹ́ ẹ bá ní kí n gé irun yìí, màá gé e lónìí. Màá kó aṣọ náà sun. Màá dẹ́kun orin. Ẹ ṣáà má lé mi."

Wynelle ò mọ ìyẹn rí. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n jọ gbé, ọkùnrin yìí ò sọ fún un rí pé òun ì bá gé irun yẹn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́ tó dáa torí ó kọ̀ láti gé e! Wynelle ti rò pé ó gbéraga ni lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ̀bẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀, ìyá òun ni ò jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀: *Garland, èmi ni.* Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Ojú yẹn á ṣófo, ìbẹ̀rù á wọ ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ènìyàn pé níbo ni ilé òun wà. Marisela ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, tìróò ń ṣàn lójú rẹ̀. Darla ti gbé orí lé tábìlì.

Wynelle dìde dúró, ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì.

"Má gé irun rẹ," ló wí. "Ṣé o gbọ́ mi? Má gé e. Má sun nǹkan kan. Ó wù mí bó ṣe rí."

"Màmá?"

"Mo ní mú un, Garland. Mo fi í fún ẹ. Ọmọ dáadáa ni ẹ́, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ẹ látọjọ́ yìí."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ó tẹ orí ba, ó fi iwájú orí rẹ̀ kan ọwọ́ Wynelle, ìpara irun rẹ̀ ta sí i lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Mi ò ní fi í sílẹ̀ láé, mo búra fún yín."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé o ò ní fi í sílẹ̀."

Àwọn olórin ti tún bẹ̀rẹ̀. Garland nu ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í. Ó fẹ́ yíjú padà sí ọmọge tó ń dúró dè é, ṣùgbọ́n ó tún dúró. Ó wo ojú Wynelle dáadáa, ó wo ìhunjọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ àti lẹ́nu rẹ̀, ó wò ó pẹ́ bí ọkùnrin ṣe ń wo obìnrin tó wù ú.

"Ṣé bó ṣe máa rí nìyí tó bá dàgbà?" ló bi í. "Bíi tiyín?"

"Bó ṣe máa rí nìyẹn."

"Ó máa rẹwà," ni Garland wí. "Ó ń wù mí kí n rí i."

"Wàá rí i," ni Wynelle sọ fún un.

Ó ní kí màmá jókòó, kó wo bí àwọn ṣe ń jó. Wynelle jókòó, ó sì wò wọ́n.